Mọ́tò Ríndé àti Gálọ́ọ̀nù Epo Kan

Bí ẹ bá dé ìlú wa Òkè-Àgbẹ̀dẹ, ẹ má sáré yin ohun tuntun lójú ẹni tó ni ín bí ẹ kò bá mú irin dání. Alágbẹ̀dẹ ni gbogbo wa láti ilẹ̀ wá. Àṣà wa ni pé bí ẹnìkan bá fi irin ṣe ohun tí ojú kò rí rí, agboolé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú irin tirẹ̀ wá fi bù kún un. Ọrẹ-irin là ń pè é. Ẹni tí a mú un wá fún kò gbọdọ̀ kọ̀ ọ́, kò sì gbọdọ̀ jù ú sí kọ̀rọ̀ ilé. Ara ohun tuntun náà ló gbọ́dọ̀ dè é mọ́. Àṣà tó dára ni, èmi gan-an fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló fẹ́ẹ̀ sọ Ìyá Àgbà di afọ́jú títí ayé.

Ìyá Ògúnrìndé ni Ìyá Àgbà yìí. Ògúnrìndé, tí gbogbo wa ń pè ní Ríndé, jórinjórin ni, ìsọ̀ rẹ̀ sì wà lẹ́bàá ọ̀nà tó jáde nílùú. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, àmọ́ bó bá ti dorí kọ nǹkan, ẹ má wulẹ̀ bá a jiyàn. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí awọ funfun kan ti bo ẹyinjú ìyá rẹ̀ méjèèjì. Àwọn dókítà ojú a máa wá sí Ìdófà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, fún ọjọ́ kan péré, láti bá àwọn tó ní irú rẹ̀ ṣí i kúrò. Máìlì méjìdínlógójì ni Ìdófà sí wa, ọjọ́ ọjà nìkan sì ni ọkọ̀ ń dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọjọ́ àwọn dókítà bọ́ sí ọjọ́ tí kò sí ọkọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyá náà di ẹrù tán tó sì tún un tú. Nígbà kejì, kò ráhùn. Ó kàn sọ pé Ìbídùn, ọmọ Ríndé tó kéré jù, ti pé ọmọ ọdún márùn-ún, ọwọ́ lásán ni òun sì fi mọ ojú ọmọ náà. Ọ̀rọ̀ yẹn dun Ríndé wọra. Ọjọ́ náà ló pinnu pé òun yóò fi ọwọ́ ara òun kan mọ́tò.

Níbo ni yóò ti rí ẹ́ńjìnnì? Mọ́tò ìjàpá kan wà tí tíṣà àgbà kan fi sílẹ̀ kó tó kú, adìẹ ló ti ń yé sínú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀ dàgbà ju Fadérera, ìyàwó Ríndé, lọ. Ríndé tú u, ó fọ̀ ọ́, ó gbé e ka orí páìpù irin tín-ín-rín tó jó pọ̀. Kò ní ilẹ̀kùn, aṣọ tapólì ni òrùlé rẹ̀, okùn ni wọ́n fi hun àga rẹ̀. Ọkùnrin mẹ́rin ló ń gbé gbogbo rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ríndé rọ epo bẹntiróòlù gálọ́ọ̀nù kan sí i láti dán an wò, ó wà á lọ, ó wà á bọ̀, ó sì rin máìlì méjìlélógójì kí epo tó tán. Ó fi ẹsẹ̀ rìn wálé, ó ń jó bọ̀ lójú ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n sọ lórúkọ tuntun.

Kò pẹ́ tí a fi gbọ́. Inú wa dùn, a sì kó irin dé. Agboolé Ilé Ọlọ́kọ́ gbé ilẹ̀kùn irin méjì wá. Agboolé kan gbé irin gbọọrọ tí yóò máa gba ìkọlù níwájú, òmíràn gbé àkàbà àti pẹpẹ irin fún ẹrù orí òrùlé. Ògúnṣakin, Baba Alágbẹ̀dẹ wa, tó jẹ́ àbúrò ọkọ Ìyá Àgbà, gbé kìnnìún irin tó tó ewúrẹ́ wá fún imú rẹ̀. Ìyá Àgbà alára ní kí wọ́n gbé owú ọkọ òun tó ti dolóògbé wá, irin ńlá tó ń lu irin lé lórí bó bá ń rọ ọkọ́ àti àdá títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀, kí wọ́n gbé e sábẹ́ ẹsẹ̀ òun nínú mọ́tò. Ríndé fi nọ́ọ̀tù de gbogbo rẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tó parí, mọ́tò náà rí bí ẹnubodè ààfin, àwa sì ń yí i po, à ń yin ara wa.

Ríndé tún rọ gálọ́ọ̀nù kan sí i. Máìlì mọ́kànlélógún péré, ó kú sójú ọ̀nà.

Ẹ́ńjìnnì ni gbogbo wa dá lẹ́bi. A ní ó ti darúgbó, pé ohun tí adìẹ ti yé sí kò lè ṣe dáadáa mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Ríndé fi ń tú kábúrétọ̀, tó ń fọ̀ ọ́, tó ń tò ó padà, tó ń bú ẹ́ńjìnnì tí kò ṣẹ̀ ẹ́. Láàárín ìgbà náà, epo wọ́n káàkiri. Nígbà tí ọjọ́ àwọn dókítà fi ku ọ̀la, gálọ́ọ̀nù kan ṣoṣo ló kù nínú ìsọ̀ rẹ̀, kò sì sí ibi tí yóò ti rí òmíràn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Fadérera ti oko igi dé. Ó bá ọkọ rẹ̀ tó kó orí sínú ẹ́ńjìnnì, ojú rẹ̀ pọ́n. Fadérera kò mọ̀ nípa mọ́tò, ṣùgbọ́n ó mọ̀ nípa ẹrù.

Ó ní, “Bàbá Ìbídùn, igi yìí fẹ́ẹ̀ ṣẹ́ mi lọ́rùn lónìí. Nígbà tí mo dé odò, mo sọ ìdajì rẹ̀ kalẹ̀ ni mo fi délé. Kì í ṣe pé mo tún jẹun kí n tó lágbára.”

Ríndé yọ orí jáde. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo kìnnìún, ó wo ilẹ̀kùn. Ká má purọ́, ó ti ń fura sí ẹrù irin náà tẹ́lẹ̀. Ẹnu ìlú ló ń bẹ̀rù. Ó ṣáà mú sípánà.

Kò tíì tú nọ́ọ̀tù kan tí Baba Alágbẹ̀dẹ fi dé. Bàbá náà kì í ṣe ìkà, àmọ́ ara rẹ̀ kò gbà á. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ ìlú dó, kò sí ẹni tó tú ọrẹ-irin rí, àti pé ẹni tó bá tú u, ìlú ló kọ̀. Ríndé dúró, sípánà lọ́wọ́, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. Kò lè tú u, kò sì lè jù ú sílẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ṣùgbọ́n èmi náà kò lè sọ̀rọ̀, torí irin ilé wa wà níbẹ̀.

Ìyá Àgbà ló ń táràrà bọ̀ lára ògiri. Ó béèrè ibi tí owú wà, wọ́n mú un débẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ pa á lórí.

Ó ní, “Ogójì ọdún ni ọkọ mi fi lu irin lórí èyí kí n lè jẹun. Bó bá gbọ́ pé owú yìí ni mo gbé mọ́ra tí n kò fi rójú ọmọ-ọmọ rẹ̀, yóò bínú sí mi. Ẹ tú tèmi ṣáájú.”

Baba Alágbẹ̀dẹ wo ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí, lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sí Ríndé pé kó gbé sípánà wá. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í tú kìnnìún rẹ̀. Bí a ṣe rí i bẹ́ẹ̀, kálukú lọ tú tirẹ̀, a tò wọ́n ti ògiri ìsọ̀.

Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni wọ́n gbéra, ìyá àti ọmọ nìkan. Ìyá Àgbà tilẹ̀ ní kí wọ́n gba àpò obì òun sílẹ̀, pé èèyàn kì í mọ èyí tó lè wúwo jù. Ríndé kò sáré. Bí wọ́n bá dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, á yọ jíà, mọ́tò á máa yí lọ fúnra rẹ̀. Ní òkè tó gbẹ̀yìn, ẹ́ńjìnnì wúkọ́, Ríndé ń bẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń bẹ àgbàlagbà. Ó gun òkè náà. Nígbà tí wọ́n dé ọgbà ọsibítù Ìdófà, tí Ríndé ti ẹyọ ìgbálẹ̀ kan bọ táńkì láti wo epo tó kù, ibi tí epo kàn lára rẹ̀ kò ju èékánná lọ. Wọ́n kọ orúkọ Ìyá Àgbà sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ọjọ́ kẹrin ni epo dé Ìdófà tí wọ́n fi padà. Gbogbo wa ti dúró sí ìsọ̀. Ìyá Àgbà sọ̀ kalẹ̀ láìdi ẹnikẹ́ni mú, ó lọ tààrà sọ́dọ̀ Ìbídùn, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ojú ọmọ náà mú, ó sì sunkún títí ọmọ náà fi ń bá a sun ún. Ìgbà tó nu ojú tán ló yíjú sí mọ́tò. Ó bi Ríndé bóyá inú àgò adìẹ yìí náà ló gbé òun sí lọ. A rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú wa.

Lẹ́yìn náà ló rí kìnnìún, ilẹ̀kùn àti owú lára ògiri. Ó béèrè bóyá wọn kò wúlò mọ́.

Baba Alágbẹ̀dẹ ló dáhùn. Ó ní, “Wọ́n wúlò, ìyàwó wa. Àwọn la fi ra epo tó gbé ọ dé Ìdófà.”

Títí di òní, ara ògiri là ń to ọrẹ-irin sí nílùú wa, kò sì sí ẹni tó ń bínú. Bí ẹnìkan bá sì wá ń ráhùn pé agbára òun kò lè gbé òun dé ibi tí òun ń lọ, àwọn àgbà wa kì í bi í léèrè agbára. Ohun tó rù ni wọ́n ń bi í, wọn a sì pa á lówe fún un pé: ẹrù tí a bá sọ̀ kalẹ̀, epo la rà.