Òkè Agbókè àti Ọ̀ọ̀lẹ̀ Àyọ̀ká

Láníyọnu ọmọ ilé Aláró kò sáré rí láyé rẹ̀, àfi ọjọ́ tí oyin lé e. Ara rẹ̀ tóbi, ó fẹ́ràn oúnjẹ, ó sì fẹ́ràn kí ó jókòó ti oúnjẹ náà pẹ́. Kò sẹ́ni tó bá a wí, torí iṣẹ́ aró kò gba eré sísá. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí à ń wí yìí, Ìṣọ̀lá tó máa ń sáré fún ilé wọn já bọ́ lórí igi obì, ó kán lẹ́sẹ̀. Àwọn ọkùnrin tó kù nínú ilé náà, bí wọn kò bá jẹ́ arúgbó, ọmọ ọwọ́ ni wọ́n. Bí gbogbo ojú ṣe yí sí Láníyọnu nìyẹn.

Eré náà kì í ṣe eré lásán. Orí òkè tó wà lẹ́yìn ìlú Agbókè ni ilẹ̀ ọlọ́ràá wà, ilé mẹ́fà ló sì ń dáko níbẹ̀. Lọ́dọọdún, bí iṣu tuntun bá ti jáde, ilé kọ̀ọ̀kan á yan ẹnì kan tí yóò gbéra létí odò nísàlẹ̀, tí yóò gun òkè náà, tí yóò sì fi aṣọ ilé rẹ̀ kọ́ sára àpáta tó wà ní ṣóńṣó. Ilé tí aṣọ rẹ̀ kò bá tíì sí níbẹ̀ nígbà tí oòrùn bá kan àtàrí, kò ní dáko lórí òkè títí ọdún yóò fi yí po. Orí òkè yìí nìkan sì ni èlú ti ń ṣe dáadáa. Bí kò bá sí èlú, kò sí aró. Bí kò bá sí aró, kí ni wọ́n fẹ́ máa pe ilé Aláró?

Ohun tó ká Àyọ̀ká lára nìyí. Àbúrò bàbá Láníyọnu ni, òun ló ni ìkòkò aró mẹ́rìnlá tó wà lẹ́yìnkùlé. Nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ yá gan-an nígbà tó wà lọ́mọge, òun ló gbà láti kọ́ Láníyọnu ní eré. Ìtàdógún ló kù. Ó rò pé á tó.

Lọ́jọ́ kìíní, Láníyọnu di ṣòkòtò rẹ̀ le, ó kọjú sí ọ̀nà iwájú tó ga gegele, èyí tí gbogbo asáré ìlú máa ń gbà, ó sì ki eré mọ́lẹ̀ bí ajá tó rí òkété. Ó dé ìdí igi igbá àkọ́kọ́, ó dùbúlẹ̀. Igi náà kò sì jìn ju ibi tí èèyàn lè sọ òkò dé lọ.

"Láníyọnu, dìde."

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ̀ bóyá mo ṣì wà láàyè, ìyá mi."

"Òkú kì í fèsì. Dìde."

Lọ́jọ́ kejì, ó ní òkè náà ga ju ti àná lọ. Lọ́jọ́ kẹta, ìrì ni. Lọ́jọ́ kẹrin, ẹ̀wà tó jẹ sùn ni.

"Òkè kan náà ni," Àyọ̀ká wí. "Ibẹ̀ ni bàbá rẹ bá a."

"Bàbá mi kò gùn ún, ìyá mi."

Òótọ́ ni, èyí tó túbọ̀ bí Àyọ̀ká nínú.

Dáhùnsi, asáré ilé Alágbẹ̀dẹ, a sì máa gba ibẹ̀ kọjá láràárọ̀. "Láníyọnu, ṣé ò ń lọ ni, àbí ò ń bọ̀?"

"Mò ń sinmi."

"Sinmi dáadáa. A ó bá yín gbin àgbàdo sórí ilẹ̀ yín."

Ká ní ọ̀lẹ ni Láníyọnu, ìbá sàn fún Àyọ̀ká, torí ó mọ ohun tí wọ́n ń fi ọ̀lẹ ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀lẹ kọ́. Bí ó bá ṣubú lónìí, lọ́la á tún fi ìbínú kọ lu ibi gegele kan náà, á sì tún lọ dùbúlẹ̀ sídìí igi kan náà. Koríko ibẹ̀ ti mọ ẹ̀yìn rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹjọ, ó wọlé, ó jókòó gbì sílẹ̀. "Ìyá mi, mi ò ṣe mọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gba ilẹ̀ náà lọ."

"Kí ni kí n wá máa fi pa aṣọ láró?"

"Ẹ máa tà á ní funfun."

 Àyọ̀ká mọ̀ pé bí òun bá sọ ohun tó wà lọ́kàn òun, ìpàdé ẹbí ni yóò parí rẹ̀. Ó kọjú sí ìdí àrò, ó sọ ọ̀ọ̀lẹ̀ kalẹ̀ lórí iná. Àwọn eléwé ńlá ni, àárín wọn ga bí òkìtì, etí wọn sì fẹ́lẹ́. Ó gbé ọ̀kan fún Láníyọnu, ó gbé ọ̀kan fún bàbá Láníyọnu tí eyín méjì péré kù lẹ́nu rẹ̀.

Láníyọnu tú ewé, ó sì bu àárín gbùngbùn jẹ. Ó tu ú dànù. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó fẹ́ atẹ́gùn sẹ́nu, ó bínú, ó tún bu ibẹ̀ náà jẹ. Ó tún tu ú dànù.

"Ẹ gbé e kúrò níwájú mi. Kò ṣeé jẹ."

Bàbá rẹ̀ ti jẹ tirẹ̀ tán wẹ́rẹ́. Etí tó fẹ́lẹ́, tó ti tutù, ló ti bẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, kí ó sì tó dé àárín, àárín náà ti tutù. Ó ń lá ewé báyìí, ó sì ń wo ti ọmọ rẹ̀. "Ṣé kò ní jẹ tirẹ̀ mọ́ ni?"

"Eléyín méjì ti jẹun tán," Àyọ̀ká wí, "ẹni tí eyín kún ẹnu rẹ̀ ń sunkún." Ó fẹ́ máa bá ọ̀rọ̀ náà lọ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ bọ́ sára ọ̀ọ̀lẹ̀ tó wà lórí ewé: ó ga gegele níhìn-ín, ó tẹ́ pẹlẹbẹ lọ́hùn-ún. Ó gbójú sókè, ó wo òkè tó wà lẹ́yìn ilé.

"Láníyọnu, ẹ̀yìn òkè ńkọ́?"

"Ewúrẹ́ ló ń gba ibẹ̀, ìyá mi."

"Ta ló ní kí èèyàn má gbà á?"

Láníyọnu ronú títí. "Iwájú làwọn èèyàn máa ń dúró sí wòran."

"Háà," ni Àyọ̀ká wí, ó sì rántí orúnkún tirẹ̀ tó máa ń dùn ún nígbà òjò. "Nítorí awòran la ṣe ń pa ara wa láti ìgbà yìí wá."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó so àkísà aró mọ́ àwọn igi tó wà lọ́nà ewúrẹ́, láti ibi pẹlẹbẹ lọ sókè. "Má wo ṣóńṣó. Àkísà àkọ́kọ́ ni kí o wò. Bí o bá débẹ̀, ilé yá."

"Ibẹ̀ yẹn nìkan?"

"Ibẹ̀ yẹn nìkan."

Ó débẹ̀, kò dùbúlẹ̀. Bí ó ṣe kéré tó dùn ún, òun fúnra rẹ̀ ló bèèrè fún àkísà kejì. Níbi tí òkè bá ti ń le, Àyọ̀ká ní kí ó ké ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, kí ó tilẹ̀ máa rìn. "Ìrìn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀," ó wí. "Dídùbúlẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀."

Nígbà tí ọjọ́ eré pé, àwọn márùn-ún yòókù ya síwájú. Láníyọnu yà sẹ́yìn. Ẹ̀rín sọ.

"Ibẹ̀ yẹn kọ́ lọ̀nà ilé o," Dáhùnsi wí.

"Mo mọ̀. Máa lọ, má dúró dè mí."

Àyọ̀ká dúró nísàlẹ̀, ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ìkòkò aró mẹ́rìnlá rẹ̀. Aṣọ pupa ilé Alágbẹ̀dẹ yọ lórí àpáta. Òmíràn yọ. Ó di mẹ́rin, ó di márùn-ún. Òjìji Àyọ̀ká ń kúrú lọ.

"Ó lè ti yà síbi oúnjẹ," bàbá Láníyọnu wí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ panu mọ́."

Ó ku nǹkan bí ìka mẹ́ta kí òjìji rẹ̀ wọ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tán, ni aṣọ aró kan rọra yọ lókè, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ìgbà tí èèyàn ń sá aṣọ sóòrùn. Àyọ̀ká jókòó sílẹ̀ lórí koríko.

Dáhùnsi ti bó lórúnkún méjèèjì nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀. "Ìwọ lo kẹ́yìn," ó wí.

"Ẹni tó kẹ́yìn náà ń dáko," Láníyọnu dá a lóhùn. Ó bá yíjú sí Àyọ̀ká. "Ìyá mi, ọ̀ọ̀lẹ̀ dà?"

Ó gbé e fún un. Láníyọnu tú ewé, ó yí ọ̀ọ̀lẹ̀ náà síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, títí tó fi rí etí tó fẹ́lẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Dáhùnsi bèèrè ohun tó ń wá. Àyọ̀ká ló fún un lésì, àwọn àgbà Agbókè gbà á lẹ́nu rẹ̀, àwa náà sì gbà á lẹ́nu wọn, pé ibi pẹlẹbẹ la ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ.