Ajá Tó Sùn Lẹ́nu Ihò
Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí kùrukùru ọyẹ́ bo gbogbo oko Òkè-Ìṣìn bí aṣọ funfun, Baálẹ̀ kó ajá méje jáde, ó ní kí Ọdẹ́jìnmí, opó tó ń fi ajá kan ṣoṣo dẹ òkété, mú èyí tó mọṣẹ́ jù nínú wọn kí kùrukùru tó ká nílẹ̀. Bí ó bá ṣì í mú, ajá tirẹ̀ di ti Baálẹ̀. Obìnrin náà kó wọn lọ sẹ́nu ihò òkété kan, Baálẹ̀ àti àwọn ìjòyè tẹ̀ lé e. Ajá mẹ́fà wo ojú Baálẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbó, wọ́n ń walẹ̀. Àwọn ìjòyè ní, "Òkété ńlá ló wà níbẹ̀, Baálẹ̀." Ìkeje gbóòórùn ihò náà lẹ́ẹ̀kan, ó dùbúlẹ̀, ó sùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń sáré lójú àlá. Ọdẹ́jìnmí ní, "Èyí ni mo mú. Àná ni mo pa òkété inú ihò yìí, a ti jẹ ẹ́ tán." Wọ́n wa ihò náà dé ìdí, òfìfo ni. Ọdẹ́jìnmí pe ajá tirẹ̀, àwọn méjèèjì sì wọ inú kùrukùru lọ. Baálẹ̀ wo ajá tó ń sùn, ó yíjú sí àwọn ìjòyè, ó ní, "Nínú gbogbo yín, ta ló lè sùn níwájú mi báyìí?"