Kabúrétọ̀ Inú Omi Sódà

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Láníyonu mẹkáníìkì fẹ́ fọ kabúrétọ̀ alùpùpù Bàbá Ṣówándé, tí ọ̀rá ti gan mọ́ lára. Ìyàwó Láníyonu, tó ń se ọṣẹ, ní:

“Ẹ rẹ ẹ́ sínú kẹrosíìnì di ọ̀la.”

“Ìyá ọlọ́ṣẹ ti di ọ̀gá mẹkáníìkì!” ni Láníyonu fi dá a lóhùn.

Kí ó lè tètè mọ́, ó sọ kabúrétọ̀ náà sínú omi sódà líle tí ìyàwó rẹ̀ fẹ́ fi se ọṣẹ. Omi náà hó yaya. Ọ̀rá lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n irin fúyẹ́ tí wọ́n fi ṣe kabúrétọ̀ náà ti lu bí ajere, irú rẹ̀ kò sì sí lọ́jà mọ́.

Nígbà tí Bàbá Ṣówándé dé, ó gbé kabúrétọ̀ náà sókè.

“Ẹsẹ̀ tí mo fi ń lọ sóko nìyí, Láníyonu. Ṣé mo sọ fún ọ pé mò ń kánjú ni?”