Àlùbọ́sà Kọ̀, Kò Jẹrà fún Òkété

Àlọ́ mi dìde ńlẹ̀, ó sáré, ó kọsẹ̀ lára apẹ̀rẹ̀ àlùbọ́sà, orí Òkété ló ṣubú lé. Ẹ gbé etí yín súnmọ́ mi, mi ò ní pẹ́.

Àlùbọ́sà ń wu Òkété jẹ. Ànàmọ́ náà ń wù ú. Ohun tí ò wù ú ni ọkọ́.

Ọdún yẹn, gbogbo ẹranko ló para pọ̀ dá oko kan. Erin kọ ebè, Ẹfọ̀n ń pọn omi láti odò, Ìmàdò ń tu koríko. Òkété náà wá o, kò ṣàì wá. Ó jókòó lábẹ́ igi, ó ń kí wọn kú iṣẹ́. Ẹ sì mọ̀ pé kíkí náà máa ń rẹ èèyàn.

Nígbà tí wọ́n kórè, àlùbọ́sà ọ̀hún lágbára débi pé tí wọ́n bá bó ẹyọ kan lójúde ọba, àwọn tó wà létí odò á máa nujú. Ànàmọ́ kan wà níbẹ̀ tí Erin gbé, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n wá bá òun sọ̀ ọ́. Àmọ́ inú ẹnikẹ́ni ò dùn. Ọdọọdún ni wọ́n ń kórè báyìí, ọdọọdún náà ló ń jẹrà. Wọ́n á da àlùbọ́sà àti ànàmọ́ pọ̀ sínú àká kan ṣoṣo, wọ́n á tilẹ̀kùn. Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó mú, omi rírà á ti máa ṣàn jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn, ebi á sì bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn èṣí, èèpo igi ni àwọn ọmọ Ìmàdò ń jẹ.

Ibi tí wọ́n ti ń ronú lọ́wọ́ ni Òkété ti wọlé dé. Ó ti fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe awò ojú. Kò sí dígí níbẹ̀, àmọ́ òkè awò náà ló ti ń wo gbogbo wọn.

"Kábíyèsí," ló wí fún Ẹkùn, tó jẹ́ ọba wọn, "ìwádìí wa ló kù díẹ̀ káàtó nílùú yìí."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Kí wọ́n kó gbogbo irè yìí sínú àká, kí wọ́n fi amọ̀ rẹ́ ẹnu ọ̀nà ẹ̀ pa, kó ku ihò kékeré tí ara mi lè gbà. Èmi á máa wọ ibẹ̀ lọ wo ohun tó ń bà á jẹ́. Ẹ̀yin ẹni ńlá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sún mọ́ ọn. Èémí yín ti gbóná jù, àlùbọ́sà ò lè fara dà á."

Ẹfọ̀n rọra yí imú ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ojú tì í. "Ṣé èémí wa ló ti ń ṣe é látọjọ́ yìí?"

"Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, Bàbá Ẹfọ̀n."

"Níbo lo ti kọ́ ìmọ̀ yìí?" Erin bi í.

"Abẹ́ ilẹ̀ ni, Bàbá Erin. Ilé ìwé náà ni ò gba ara ńlá."

Gbogbo ìgbìmọ̀ mirí. Ìgbìmọ̀ tí ọ̀rọ̀ ò bá yé, orí ló máa ń mì.

Ẹkùn ò mirí. Ó ní, "Tó bá wá jẹrà mọ́ ọ lọ́wọ́ ńkọ́?"

"Kábíyèsí, ìyẹn náà, ìwádìí ni. Ohun tó bá jẹrà, a ti kọ́gbọ́n lára ẹ̀."

"Kò burú. Kò sẹ́ni tó máa bá ọ jà nítorí nǹkan tó bàjẹ́. Àmọ́ o mọ àṣà wa. Ẹni tó ń báni sin ewúrẹ́, tí ewúrẹ́ bá kú mọ́ ọn lọ́wọ́, awọ ẹ̀ ló máa gbé wá fún olówó ẹ̀. Èyí tó bá jẹrà, wàá kó o wá ká fojú rí i. Tó ò bá rí i kó wá, awọ tìẹ la máa gbà."

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Òkété. Nǹkan tó jẹrà? Kí ló tún pọ̀ láyé jù ú lọ? Ó ní, "Kábíyèsí, ẹ ṣáà wá imú tẹ́ ẹ máa fi gbóòórùn ẹ̀ sílẹ̀."

Wọ́n rẹ́ àká pa. Kí amọ̀ tó gbẹ, Òkété ti gbẹ́ ọ̀nà láti abẹ́ àká dé abẹ́ ibùsùn ẹ̀. Ó jẹ, ó jẹ, ikùn ẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, ìrù ẹ̀ ò mọ ibi tí ara parí sí mọ́. Ẹ má bi mí bí ikùn Òkété ṣe gba iṣẹ́ Erin. Èmi náà bi ẹni tó sọ ọ́ fún mi, ó ní kí n dákẹ́. Èyí tí ò lè jẹ mọ́, ó kó o wọ inú ihò ẹ̀.

Ẹ wá wo bó ṣe kó o sí. Ojúkòkòrò ò jẹ́ kó lè sùn láì rí ọrọ̀ ẹ̀, ló bá fi ewé àlùbọ́sà hun ara wọn bí ẹni ń dirun, ó so wọ́n rọ̀ mọ́ gbòǹgbò igi tó yọ lókè, kó lè máa dùbúlẹ̀ gbalaja kó máa wò wọ́n. Ihò ẹ̀ sì lẹ́nu méjì, torí olè kì í gbé ilé ẹlẹ́nu kan. Afẹ́fẹ́ ń gba ibí wọlé, ó ń gba ọ̀hún jáde. Ànàmọ́ ńkọ́? Ó kó tìyẹn lọ sí ìyàrá inú tó ṣókùnkùn biribiri, ó fi iyanrìn gbígbẹ bò ó, kí Àwẹ̀ró ìyàwó ẹ̀ má baà rí i sè fún àwọn ẹbí ẹ̀.

Ọjọ́ ọjà gbogbo, á gbé awò ojú ẹ̀ wọ̀, á lọ jábọ̀ láàfin.

"Ìwádìí ń lọ. Àná, mo gbọ́ tí àlùbọ́sà mí kanlẹ̀."

"Ó ti ń rẹ̀ ẹ́ nìyẹn," ni Ẹfọ̀n wí. Òun náà ti ń di onímọ̀.

Nígbà tó yá, Òkété wọlé tìrònú-tìrònú. "Ẹ bá mi dárò. Wọ́n ti ń jẹrà. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ ni mo ṣe." Àánú ẹ̀ ṣe Ìmàdò, ó gbé epo àti iyọ̀ fún un kó fi gbàgbé ìbànújẹ́. Ó gbà á tọkàntọkàn. Epo àti iyọ̀ nìkan ló kù tí ò tíì ní.

Ẹ̀ẹ̀rùn mú. Oúnjẹ tán nínú igbó. Ẹkùn ránṣẹ́ pé kí Òkété kó èyí tó jẹrà wá láàárọ̀ ọ̀la.

Òkété ń kọrin wọlé ni. "Àwẹ̀ró, bá mi ṣa èyí tó ti rà nínú àlùbọ́sà yẹn."

"Kò séyìí tó rà, baálé mi."

"Wò ó dáadáa."

"Mo ti wò ó. Ó le bí òkúta."

Òkété fọwọ́ kàn án, èèpo ẹ̀ ń dún pàrapàra. Ó sáré lọ hú ànàmọ́, ànàmọ́ ń dán bí ẹni pé àná ni wọ́n wà á. Orin bọ́ lẹ́nu ẹ̀. Ó da omi sórí àlùbọ́sà, omi ṣàn kúrò. Ó jókòó lé ànàmọ́ bí adìẹ tó ń sàba. Nǹkan kan ò ṣe ànàmọ́. Ó wá dojú kọ wọ́n.

"Kí ni mo fi ṣẹ̀ yín? Ẹ jẹrà fún Erin. Ẹ jẹrà fún Ẹfọ̀n. Èmi tí mo fẹ́ràn yín jù wọ́n lọ, ẹ ò lè jẹrà fún mi?"

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ tọ́jú wọn," ni Àwẹ̀ró wí.

"Mi ò tọ́jú nǹkan kan. Mo jí wọn ni."

"Ẹ mà jí wọn dáadáa."

Nígbà tí ọgbọ́n tán, ó kó àlùbọ́sà sínú odó, ó gún un, ó da ẹrẹ̀ sí i, ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí kò fi jọ nǹkan kan mọ́. Ó dà á sínú apẹ̀rẹ̀, ó fi ewé bò ó, ó gba ààfin lọ.

Gbogbo ìlú ti pé, egungun ìhà wọn hàn síta. Òkété gbé apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀, ó fajú ro. "Kábíyèsí, ẹ̀yin àgbà, òkú rèé." Ó ṣí ewé.

Ojú Ẹkùn kọ́kọ́ pọ́n, omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà níbẹ̀. Ẹfọ̀n bú sẹ́kún. Omijé Erin ṣàn, ó gbé èèrà lọ. Òkété fúnra ẹ̀ ń sunkún, imú ẹ̀ ń ṣomi. Ìmàdò tó pẹ́ dé bá gbogbo ìlú tí wọ́n ń sunkún, ló bá ká ọwọ́ lérí. "Ta ló kú?"

"Kò tíì sí," Ẹkùn dá a lóhùn, ó ń nujú. "Àmọ́ ẹnìkan ń gbìyànjú."

Ó wá yíjú sí Òkété. "Látọdún tí àlùbọ́sà ti ń jẹrà nílùú yìí, imú la máa ń dì. Ṣé o rẹ́ni tó dimú níbí? Ojú là ń nù. Àlùbọ́sà tó ti jẹrà kì í ta èèyàn lójú, ṣe ló máa ń rùn. Èyí ṣì wà láàyè."

"Òórùn ọbẹ̀ ló ń bọ̀ lára ẹ̀," ni Ẹfọ̀n wí. "Abájọ tí mo fi ń dá itọ́ mì."

"Kábíyèsí," Òkété ní, "ìjẹrà ìgbàlódé ni. Kì í rùn."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Awọ ẹ ńkọ́?"

Òkété rí i tí èékánná Ẹkùn ń yọ díẹ̀díẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ààfin ọ̀hún ò lẹ́nu méjì. "Kábíyèsí, kò jẹrà," ló wí. "Èyí tí mi ò tíì jẹ wà nílé mi. Kò sẹ́yọ kan tó rà níbẹ̀."

Wọ́n bá a délé. Erin ká òkè ihò bí ẹni ń ṣí ìdérí ìkòkò, àlùbọ́sà ń fì dirodiro níwájú wọn, ànàmọ́ wà nínú iyanrìn. Àwọn ọmọ Ìmàdò kọ́kọ́ jẹun ná.

"Ìwọ lo so wọ́n rọ̀ síbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá?" Ẹkùn bi í. "Ìwọ lo fi ànàmọ́ lọ́tọ̀, sínú òkùnkùn?"

"Èmi ni, Kábíyèsí. Ojúkòkòrò ni."

"Rárá o. Ìwádìí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. A ò ní bó awọ ẹ, onímọ̀ ò wọ́pọ̀. Láti òní lọ, ìwọ lo máa máa so àlùbọ́sà fún gbogbo ìlú. Ẹfọ̀n á dúró lẹ́nu ihò kan, Ìmàdò á dúró lẹ́nu kejì. Oúnjẹ tìẹ rèé: gbogbo èyí tó bá ti jẹrà, ìwọ lo ni ín. Má fún wa níbẹ̀. Àmọ́ èyí tó o bá fọwọ́ ara ẹ bà jẹ́, mo ṣì mọ ibi tí awọ ẹ wà."

Òkété dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́ títí. Ìgbà tí wọ́n lọ tán ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e.

Ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e, gbogbo ìlú ń jẹ àlùbọ́sà, wọ́n ń sanra. Òkété dùbúlẹ̀ sábẹ́ ẹ̀, ikùn ẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, ó gbójú sókè, ó ń bẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ìwọ tó wà lápá òsì yìí, ojú ẹ ti rẹ̀wẹ̀sì díẹ̀. Jọ̀ọ́, ṣáà gbìyànjú."

Ẹfọ̀n á kí i láti ẹnu ọ̀nà. "Onímọ̀, ìwádìí ńkọ́?"

"Ó ń lọ, Bàbá Ẹfọ̀n."

Àlọ́ mi ò fi bẹ́ẹ̀ kọ́ yín ní nǹkan. Ó kàn ní ẹni tó bá fẹ́ purọ́ pé nǹkan ti jẹrà, kó kọ́kọ́ bi nǹkan náà bóyá ó ti gbà. Tí mo bá purọ́ mọ́ Òkété, kí ojú mi máa ṣomi bí ojú ẹni tó ń gé àlùbọ́sà. Ẹ wò ó, ó gbẹ. Ẹ má ṣáà sọ fún Ẹkùn pé èmi ló sọ ọ́.