Ẹja Ibú tí Wọ́n Fẹ́ Sọ ní Apani

Ní ìlú Ìyanrìn, ní bèbè òkun, apẹja kan wà tí ń jẹ́ Abíọ́nà. Ó gbọ́n, ó sì mọ̀ pé òun gbọ́n, kò sì fi èyí pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ọdún kan dé tí ẹja etíkun wọ́n bí ojú. Àwọn tó ń ju àwọ̀n ń kó koríko bọ̀ wálé, ọmọ ń sunkún oúnjẹ, ìyá ò sì rí nǹkan fi tù ú. Abíọ́nà ní òun mọ ibi tí ẹja wà: ibú tó jìn, tí ẹnìkan ò dẹ ìwọ̀ sí rí. Òun àti Àwẹ̀ró aya rẹ̀ bá jókòó lọ́ okùn ìwọ̀ títí ẹ̀ẹ̀rùn fi parí. Okùn náà gùn tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò fi rí ibi tẹ́ ẹní sí nínú yàrá mọ́. Àwọn ará àdúgbò fi wọ́n ṣẹ̀rín títí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan nípa ará Ìyanrìn. Wọn kì í fi orúkọ falẹ̀ rárá. Ohun tí wọ́n bá kọ́kọ́ rí lára nǹkan ni wọ́n fi ń sọ ọ́ lórúkọ, ìbáà ṣe ẹja, ìbáà ṣe ọmọ ènìyàn. Bí ẹja àjèjì bá jáde, orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde kí ó tó kú tí ojú rẹ̀ yóò ṣú. Bí orúkọ náà bá sì burú, èèwọ̀ ti dé nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ ẹja náà, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ dẹ ìwọ̀ mọ́ níbi tó ti wá.

Lọ́jọ́ tí Abíọ́nà kọ́kọ́ sọ okùn rẹ̀ sí ibú, ẹja kan ṣoṣo ló fà bọ̀. Kò tó apá àgbàlagbà ní gígùn. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò, ojú rẹ̀ tóbi, ojú náà sì ní àwọ̀ ewé tútù. Bí ọkọ̀ ti gúnlẹ̀ ni Abégúndé, ẹgbẹ́ rẹ̀, ti ki ọwọ́ bọ inú ọkọ̀ láti gbé ẹja náà. Abégúndé kì í rí nǹkan kó má fọwọ́ bà á. Ẹ̀gún kan tó wà lẹ́yìn ẹja náà sì gún un ní àtẹ́lẹwọ́.

“Yéè! Ó pa mí o! Apani ni! Apani lorúkọ ẹ̀!”

Ọwọ́ rẹ̀ wú. Kíá ni àwọn èrò ti gbà á lẹ́nu rẹ̀, tí wọ́n ń ké “Apani! Apani!” Abíọ́nà mọ ohun tó ń bọ̀. Bí orúkọ yìí bá lẹ̀ mọ́ ẹja náà, ibú ti di èèwọ̀, okùn rẹ̀ ò wúlò ju kí ó fi so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀, ebi yóò sì máa pa ìlú nìṣó. Ó sáré lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú Baálẹ̀ tó ti jáde wá wò ó.

“Bàbá, kí ẹ pẹ́. Ojú ẹja yìí kò tíì ṣú. Ẹ jẹ́ kí n wo ilé tó ti wá.”

“Ilé kẹ̀? Ẹja ló nílé?”

“Ó nílé, Bàbá. Ẹja kì í já bọ́ látọ̀run.”

Ó ní kí Àwẹ̀ró mú ekurá kan wá, ẹja òkun eléyín mímú tí gbogbo wọn mọ̀ dáadáa. Ó tẹ́ àwọn méjèèjì sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó fọwọ́ ra ẹja dúdú náà láti orí dé ìrù, ara rẹ̀ ń dán. Ó rà á láti ìrù padà sí orí, ó ha á lọ́wọ́ bí ewé eepín. Ó ra ekurá, bákan náà ni. Ó fi ihò tí wọ́n fi ń mí han Baálẹ̀, tó tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn àwọn méjèèjì láìní ìdérí. Ó tẹ egungun wọn, ó rọ̀ bí etí ènìyàn.

“Ará ilé ekurá ni,” ni Abíọ́nà wí. “Ṣùgbọ́n kì í ṣe ekurá tí a mọ̀. Eléyìí kò ní lẹbẹ lábẹ́ ikùn nítòsí ìrù, ó sì ní ẹ̀gún níwájú lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì. Àlejò ni, àmọ́ ọmọ ẹbí ni.”

“Ekurá wo ló ń gún ènìyàn?” Abégúndé fi ìrora béèrè.

“Àrọ̀ kì í gún ọ ni? Ṣebí o ń jẹ ẹ́, o ń pọ́nwọ́ lá!” ni Abíọ́nà dá a lóhùn.

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Abégúndé nawọ́ sí ẹja náà. “Ojú ẹ̀ ti ń ṣú o!” Òótọ́ sì ni. Ni wọ́n bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í ké “Apani!” Baálẹ̀ gbé ọwọ́ sókè láti fi àṣẹ sí i.

“Ẹ dúró, ẹ gbà mí!” Àwẹ̀ró, tó kúnlẹ̀ ti ẹja náà, ló kígbe. “Ẹ wo ikùn rẹ̀!”

Ikùn ẹja náà ń mì. Ọmọ ẹja kan yọ jáde láàyè sórí ẹní, ó dúdú, ojú rẹ̀ ní àwọ̀ ewé bíi ti ìyá rẹ̀. Òmíràn tún tẹ̀ lé e. Baálẹ̀ sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

“Bí ekurá ti ń bímọ nìyẹn,” ni Baálẹ̀ wí jẹ́jẹ́.

“Bàbá, abiyamọ tó ń rọbí lọ́wọ́ la fẹ́ sọ ní Apani,” ni Àwẹ̀ró wí.

Baálẹ̀ jókòó sórí iyanrìn. Omi lé ròrò sí i lójú.

“Gbogbo yín lẹ mọ orúkọ mi,” ni ó wí. “Babárímisá. Ọjọ́ tí wọ́n bí mi ni bàbá mi lọ sókun tí kò bọ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè irú ènìyàn tó jẹ́, tàbí irú ilé tí mo ti wá. Wọ́n ní bàbá rí mi, ó sá. Láti kékeré ni àwọn ọmọdé ti ń sá fún mi. Mo jẹ oyè, mo hu ewú, orúkọ yẹn ṣì ń dùn mí. N kò ní fọwọ́ ara mi gbé irú ẹ̀ lé ọmọ kankan lórí, ìbáà tilẹ̀ ṣe ọmọ ẹja. Ekurá Ibú ni orúkọ ẹ̀.”

Abíọ́nà fúnra rẹ̀ gbé àwọn ọmọ ẹja náà padà sínú omi. Nígbà tí ọwọ́ Abégúndé san, òun ló kọ́kọ́ wá kọ́ bí a ṣe ń lọ́ okùn gígùn, ebi sì kásẹ̀ nílẹ̀ ní Ìyanrìn. Láti ìgbà náà, bí obìnrin bá bímọ níbẹ̀, ẹnìkan kì í sáré pe orúkọ mọ́. Àwọn àgbà á jókòó, wọ́n á béèrè bàbá, wọ́n á béèrè ìyá, wọ́n á wo ìdílé kí wọ́n tó lanu. Ohun tó bí òwe tí à ń gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà títí dòní nìyẹn, pé: Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ.