Ìdí Tí A Kì Í Fi Tètè Kí Ìyá Ọmọ Kú Ewu Nílùú Àwẹ̀ró

Ikú kan wọ ìlú Òkè-Ìmọ́lù láyé àtijọ́, kò wá arúgbó kankan. Aboyún ló ń mú. Ẹsẹ̀ wọn á wú, wọn á máa mí hẹlẹhẹlẹ, wọn kò ní lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, àwọn ará ilé á sì ní oyún ló ń ṣe wọ́n. Oyún kẹ̀! Ọkàn wọn ló ń ṣàìsàn, ẹni tó sì mọ̀ ọ́n kò gbọdọ̀ débẹ̀. Òfin ìlú ni pé bí obìnrin bá ti lóyún, oníṣègùn àyà gbọ́dọ̀ kó àpò rẹ̀ kúrò nílé náà títí wọn ó fi sọ ọmọ lórúkọ, torí wọ́n gbà pé òórùn egbòogi rẹ̀ ń ba oyún jẹ́. Àwọn agbẹ̀bí mọ inú, wọn kò mọ àyà. Láàárín ọdún mẹ́ta, obìnrin mọ́kànlá ti lọ.

Kò sí oníṣègùn àyà tó tó Àwẹ̀ró, ọmọ Akínlùyì, obìnrin gíga tí í gbọ́ ìró ọkàn bí ìyá tí í dá ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ mọ̀ lẹ́yìnkùlé. Kí n má purọ́ fún yín, òun náà pa òfin mọ́: ilé mẹ́rin nínú mọ́kànlá yẹn ló ti kó àpò rẹ̀ jáde. Àfìgbà tí Àṣàbí, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, tí ọkàn rẹ̀ ti ń dà á láàmú láti kékeré, lóyún. Àwẹ̀ró wo ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀, ó ti ń wú, ẹ̀rù sì bà á gidigidi. Kò kó àpò rẹ̀ lọ. Ó bẹ Ẹfúntọ́lá, olórí agbẹ̀bí, pé kí àwọn jọ máa tọ́jú rẹ̀. Ẹfúntọ́lá kọ́kọ́ kọ̀, kó tó rántí pé àbúrò òun wà nínú àwọn tó lọ. Ni ọ̀kan bá ń gbétí lé àyà láràárọ̀, tí èkejì ń wo ikùn.

Ààfin gbọ́, wọ́n ránṣẹ́ pè é.

“Kábíyèsí, mo rúfin,” ni Àwẹ̀ró wí lórí ìkúnlẹ̀. “Ṣùgbọ́n ọkàn kì í kúrò láyà obìnrin torí pé ó lóyún. Ìgbà tó ń mí fún ẹni méjì gan-an la ń sá fún un. Ẹ lé mi bí ẹ bá fẹ́. Ọmọ mi ń bá mi lọ.”

Ọba ní kí oòrùn má wọ̀ bá a nílùú. Ẹfúntọ́lá tẹ̀ lé e, pẹ̀lú márùn-ún nínú àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Àwẹ̀ró. Wọ́n gbé Àṣàbí dé ẹsẹ̀ òkè kan, wọ́n ṣánko, wọ́n pàgọ́. Ibẹ̀ ló bí ọmọkùnrin sí lórí ìjókòó, wọ́ọ́rọ́wọ́. Ayọ̀ gbòde. Gbogbo wọn ń kígbe ẹ kú ewu, ẹ kú ewu ọmọ. Àwẹ̀ró jó títí gèlè fi já lórí rẹ̀. Ó gbé àpò rẹ̀ kọ́, kò sì gbétí láyà Àṣàbí mọ́, torí ó gbà pé ewu ti lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án, Àṣàbí ní òun kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀. Kí ìyá rẹ̀ tó já àpò sílẹ̀, ó ti dákẹ́.

Àwẹ̀ró sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Lẹ́yìn náà ló pe akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ márààrún, ó di orí wọn mú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbé etí wọn lé àyà òkú náà.

“Ẹ gbọ́ bó ti dákẹ́,” ló wí. “Èmi ni mo yára yọ̀.”

Láti ọjọ́ náà, ní ìlú tó hù níbi àgọ́ náà, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè, ẹnikẹ́ni kì í jẹ́ oníṣègùn àyà láìlo ọdún kan gbáko láàárín àwọn agbẹ̀bí. Ogójì ọjọ́ ló sì fi máa ń gbétí láyà ìyá ọmọ, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Àlejò lè gbé ẹ̀bùn wá, ó lè béèrè bóyá ara le, ibẹ̀ ló máa mọ. Ọjọ́ tí ogójì bá pé ni oníṣègùn yóò yọ sí ẹnu ọ̀nà, tí yóò kọ́kọ́ sọ pé, “Ẹ kú ewu,” kí aráyé tó gbà á lẹ́nu rẹ̀. Nígbà ayé Àwẹ̀ró, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló máa ń bá a sọ ọ́. Òun fúnra rẹ̀ kò kí ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀ mọ́ títí ó fi kú.