Àwẹ̀ró Wo Ẹsẹ̀ Ọkọ

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi rìn gbẹ̀rẹ̀, ó wọ inú koríko ẹ̀kan, ó bá Àwẹ̀ró níbi tó ti sàba lé ẹyin mẹ́rin.

Abo ọ̀kín ni Àwẹ̀ró. Ara rẹ̀ rí bí ewé gbígbẹ. Akọ ọ̀kín, ọkọ rẹ̀, ló ní ọrùn aláró àti ìrù gbọọrọ. Iṣẹ́ ọkọ ò ju kó na ìrù, kó gbọ̀n ọ́n, kó máa retí ìyìn. Kò sàba rí. Ìjàpá ò mọ èyí. Ẹ má sọ fún un.

Ìyẹ́ akọ a máa re lọ́dọọdún. Ìjàpá ṣa ti èṣí jọ, ó fi oje igi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn. Ẹyin ló fẹ́ jẹ. Ó fara pamọ́ sínú ẹ̀kan, ó na ìrù sókè, ó kọrin:

Àwẹ̀ró, dìde ńlẹ̀ o,
— Ìyẹ́ rẹ́rẹ́, rẹ́rẹ́.
Ọkọ rẹ dé, lọ jẹun o,
— Ìyẹ́ rẹ́rẹ́, rẹ́rẹ́.
Èmi ó bá ọ sàba o,
— Ìyẹ́ rẹ́rẹ́, rẹ́rẹ́.

Ẹ gbè é dáadáa. Olè náà fẹ́ràn ègbè.

Ebi ọjọ́ mẹ́ta ń pa Àwẹ̀ró, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde. Ni ara bá fu ú. Ọkọ tí kì í bèèrè bóyá òun jẹun? Ó yọjú, ìrù ọkọ rẹ̀ ló rí. Bó bá dìde fún ẹlòmíì, ẹyin lọ. Bó bá sì jẹ́ ọkọ ló lé, ilé dàrú.

Ó rọra ní, "Baálé mi, ẹ kú àbọ̀. Ta ló rán yín?"

"Ìfẹ́ ni."

Ìfura wá di méjì. Àwẹ̀ró ní kí ọkọ jáde síta, kó gbọ̀n ìrù díẹ̀ kí òun tó lọ. Ìjàpá ní ìbàdí ń dun òun. Àwẹ̀ró ní ẹni tí a kì í bẹ̀ kó tó gbọ̀n ọ́n, kí ló dé lónìí? Ìjàpá bá jáde, ó gbọ̀n ọ́n. Àwẹ̀ró ò wo ìrù. Ilẹ̀ ló ń wò.

"Baálé mi, ẹsẹ̀ yín ti di mẹ́rin."

"Ìrìn àjò ló fà á," ni Ìjàpá wí.

Àwẹ̀ró figbe ta. Akọ ọ̀kín gidi gbọ́ igbe náà pé akọ kan ń na ìrù lórí ilẹ̀ òun. Ó fò dé, ó fẹsẹ̀ ya aṣọ ìyẹ́ lára Ìjàpá. Gbogbo ìyẹ́ já, olè sì gbé karawun rẹ̀ sá wọ koríko.

Ọkọ ò bèèrè ẹyin. Ó yí padà, ó na ìrù tirẹ̀, ó ní ṣé Àwẹ̀ró rí òun. Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀, ó ka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó pé méjì. Ó padà sórí ẹyin.

Láti ọjọ́ náà, bí akọ ọ̀kín bá na ìrù, abo a máa wo ilẹ̀ bí ẹni ń ṣa ọkà. Kò ṣa nǹkan kan. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má bínú sí i.

Bí mo bá parọ́, ẹ lọ bi í fúnra yín. Ẹsẹ̀ yín ni yóò kọ́kọ́ wò.